Ẹsẹ Tí Tíṣà Ń Fò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Tíṣà jẹ́, kó kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Yàrá tóóró kan ni, èèyàn méjì ò lè kọjá lára wọn níbẹ̀ láìtọrọ àforíjì. Awò ojú ló ń ṣe. Á lọ dígí títí yóò fi bá ojú oníbàárà mu, á fi ṣíkúrúù tí kò tó orí èèrà de apá rẹ̀, á wá ní kí oníbàárà jókòó, kó ka lẹ́tà ara pátákó láti èyí tó tóbi lókè dé èyí tó kéré nísàlẹ̀. Bó o bá dọ́gbọ́n fo ìlà kan, á ní, "Ẹ padà, ẹ padà. Ìlà kẹta dà?" Kò sẹ́ni tó ń fo ìlà mọ́ ọn lójú.

Bó ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe ní kíláàsì. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àwọn bíi mẹ́sàn-án máa ń pé jọ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti bá a ka Ìhìn Rere. Tíṣà ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pásítọ̀ kankan o. Ìwé ló kó jọ, ó sì ti fi ọgbọ̀n ọdún kà wọ́n bí ẹni ń jẹ egungun, kò fi mùdùnmúdùn sílẹ̀. Ó mọ bí àwọn Júù ayé ìgbà náà ṣe ń wẹ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́, àti ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn ìkòkò tí wọ́n fi òkúta gbẹ́. Ó máa ń sọ pé ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ Jésù láìmọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, apá kan ẹjọ́ ló ń gbọ́.

Òfin méjì péré ló wà ní kíláàsì. Èkíní, a kì í fo ẹsẹ. Èkejì, bí a bá ti ka ibì kan tán, kí oníkálukú mú pẹ́ńsù, kó kọ ọjọ́ náà sí etí ìwé. Bíbélì àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ kún fún ọjọ́ wíníwíní láti òkè dé ilẹ̀.

Nínú àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ wà, obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún tó ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, àmọ́ tí ojú rẹ̀ ò tíì yé wá ibi tí rírán ti tú. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, bí kíláàsì ṣe ń parí lọ, ó ń ṣí Bíbélì rẹ̀ wo ohun tó kàn, ló bá dáwọ́ dúró.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti ka ìwé yìí já lójú mi. Gbogbo ibi ló ní ọjọ́. Ibí yìí nìkan ló funfun báláú."

"Ibo nìyẹn, Ìyá?"

"Ibi tí wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn jà torí pé wọn ò wẹ ọwọ́. Ìwẹ̀wọ́ ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹsẹ mẹ́rin márùn-ún tó dá lórí Kọ́bánì ni kò ní."

Àwọn yòókù ṣí tiwọn. Bó ṣe rí ní tiwọn náà nìyẹn. Dírẹ́bà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní, "Àbí eku ti jẹ ibẹ̀ nínú ti Tíṣà ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹnu nìkan ló fi rín in.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀," ó ní, "ibẹ̀ la máa kà."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ọ lẹ́yìn àga rẹ̀: páó. Kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́, wọ́n sì tú ká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, torí láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Tíṣà ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ di ọmọ kíláàsì rẹ̀. Àgbà ti dé sí obìnrin náà kó tó mọ̀wé. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní A, B, D, ọmọ rẹ̀ náà ló ṣe awò tó fi ń kà á, ó sì fi àkọ̀ onírin kan tó ń pa dé gírígírí sí i. Bí ìyá bá béèrè ìbéèrè, tó ń retí èsì, á máa ṣí àkọ̀ awò yẹn, á máa pa á dé. Páó. Páó. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Bó ṣe ń dúró de èèyàn nìyẹn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbúrò Tíṣà, ní ìlú tí ọkọ̀ ń fi wákàtí mẹ́ta rìn. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó fi pe Tíṣà lórí fóònù.

"Ọmọ mi, ojú mi tún ti ń ṣe bàìbàì. Wá bá mi wò ó. Kó o sì bá mi kàwé díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá mi kà á níbí."

"Màá wá, Màmá."

"Sátidé ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ò ráyè láàárín ọ̀sẹ̀, Sọ́ńdè sì ni ti ṣọ́ọ̀ṣì."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ọdún yẹn gan-an ni Tíṣà jẹ́ ẹ̀jẹ́, tó sì kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ Bíbélì rẹ̀, pé gbogbo Sátidé òun ti di ti Olúwa títí òun á fi kọ àlàyé sórí Ìhìn Rere náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sátidé bá dé, á ti ilẹ̀kùn, á pa fóònù, á jókòó ti ìwé.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Mo ti fi Sátidé mi fún Olúwa."

Tíṣà gbọ́ páó nínú fóònù.

"Ó dáa, ọmọ mi. Ohun tó ti di ti Olúwa, ta lèmi tí màá bá a du ú?"

Kò sọ ọ́ mọ́ láé. Ẹ máa béèrè pé ṣé kò wá sí ọlidé kankan ni? Ó wà. Tíṣà lọ lẹ́ẹ̀kan, ó lo wákàtí méjì, ó sì gbàgbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sílé. Ó ní òun á mú un bọ̀. Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn ìpè yẹn, ní Sátidé kan, ìyá kú. Àbúrò Tíṣà pè é ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Fóònù wà ní pípa. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ló tó gbọ́ pé òun ò ní ìyá mọ́.

Láti ìgbà náà ni Sátidé kan ò ti kọjá kó má gbọ́ páó lẹ́yìn àga rẹ̀. Ó gbé tábìlì kọjú sí ògiri kejì, ìró náà bá a débẹ̀. Ó kó gbogbo àkọ̀ onírin kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi aláwọ rọ́pò wọn, àwọn oníbàárà sì ń yìn ín pé ó bá ayé lọ. Nígbà tí kíláàsì sì kọ́kọ́ dé ibi Kọ́bánì lẹ́yìn ikú ìyá, ara rẹ̀ ò dá. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó pe àlejò pásítọ̀ kan wá sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko sọ̀rọ̀ lórí ìwẹ̀wọ́, ó rẹ gbogbo wọn, nígbà tó wá ní kí àwọn tẹ̀ síwájú, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ẹsẹ yòókù wọlẹ̀ sí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé ìbéèrè Ìyá Aránṣọ, Tíṣà jókòó láti múra sílẹ̀. Ó ṣí ìwé tó fi ń kọ́ kíláàsì sí ibi tó ti kọ nípa Kọ́bánì, kí ìyá tó kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń kà. Ó kà á pé Kọ́bánì ni ohun tí èèyàn ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Pé àwọn kan máa ń fi í búra lórí ohun tí òbí wọn ìbá jẹ lára wọn, òbí ò sì ní lè fọwọ́ kàn án mọ́. Pé Jésù bá wọn wí, ó ní wọ́n fi ẹ̀jẹ́ bo òfin bíbọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá mọ́lẹ̀. Pé wọ́n rí ọ̀rọ̀ náà lára ìdérí àpótí egungun òkú kan, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí kí ẹnikẹ́ni má bàa rí èrè jẹ nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti kọ ọ́ pé àwọn olùkọ́ Júù fúnra wọn wá ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn sọ pé ọlá baba àti ìyá ni ilẹ̀kùn tí èèyàn lè gbà jáde kúrò nínú irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ fa ìlà sídìí rẹ̀.

Páó.

Tíṣà dìde. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ wọkọ̀. Láti ọdún méjìlá, Sátidé àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ tẹ títì nìyẹn.

Àbúrò rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó sì fọwọ́ di àyà. "Bọ̀ọ̀dá mi! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ṣebí Sátidé lòní?"

"Sátidé ni. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi ẹ́." Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. "Màmá… ṣé wọ́n sọ ohunkóhun nípa mi kí wọ́n tó lọ?"

Obìnrin náà wò ó títí. "Wọn ò sọ nǹkan kan. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń retí kẹ́ ẹ béèrè, kí n lè rí ọ̀rọ̀ burúkú sọ sí yín. Mo ti wá a tì. Wọn ò sọ nǹkan kan."

Ó wọ yàrá lọ, ó gbé Bíbélì ìyá jáde nínú àpò ìrọ̀rí, pẹ̀lú àkọ̀ awò onírin lórí rẹ̀. "Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń ní kí n gbé àga àwọn sójú fèrèsé. Wọ́n á ṣí ibì kan náà, wọ́n á kọ nǹkan síbẹ̀, wọ́n á wá máa wo ọ̀nà. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà fún yín."

Tíṣà ò láyà láti ṣí i níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ló tó gbé e sábẹ́ iná tó fi ń wo dígí. Ìwé náà fúnra rẹ̀ la sí ibi Kọ́bánì. Ọjọ́ tó wà lókè jẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan tí Tíṣà rántí dáadáa, ọjọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ìyá rẹ̀ ní ibẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì míì wà lábẹ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ ní etí ìwé, ó yípo ìsàlẹ̀, ó gba etí kejì gòkè. Tíṣà mú ìwé àlàyé tó ń kọ ní Sátidé wá, torí gbogbo ohun tó bá kọ ló ń fi ọjọ́ sí. Ó gbé méjèèjì ti ara wọn. Ọjọ́ kan náà ni, ní ìtẹ̀léra, kò yẹ̀.

Ìyá mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti mọ orúkọ ohun tí ọmọ òun ṣe sí òun, torí ọmọ náà ló kọ́ ọ. Kò sì fi dá a lẹ́bi nígbà kankan. Ó ń ka ẹsẹ náà, ó ń kọ ọjọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin kíláàsì.

Ohun tó pa Tíṣà lára jù ni ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ rí wíníwíní. Nígbà tó di ìkẹwàá, wọ́n ti ń tóbi. Ìkejìdínlógún ti gun orí lẹ́tà ìwé. Ojú ni iṣẹ́ Tíṣà, ó sì rí i lórí ewé yẹn bí ẹni ń ka pátákó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: níbí ló ti yẹ kí dígí yí padà, níbí ló ti yẹ kó tún yí padà, níbí, ìyá ò rí ohun tó ń kà mọ́, orí ló fi ń kà á. Èyí tó kẹ́yìn tó lẹ́tà òkè pátákó rẹ̀. Nínú ìwé tirẹ̀, ní ọjọ́ yẹn, ó kọ ọ́ pé lójú òfin àwọn Júù, òkúta kì í gba àìmọ́, ohun yòówù kó kàn án. Ó rántí pé inú òun dùn lọ́jọ́ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn pé. Tíṣà gbé Bíbélì ìyá rẹ̀ sórí tábìlì, ó gbé àkọ̀ awò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ka ẹsẹ náà sókè, ẹyọ kan ò fò. Ó ṣàlàyé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ tara rẹ̀, láti orí ìpè ìyá rẹ̀ dé orí ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá tí àbúrò rẹ̀ pè é, kò bu iyọ̀ sí i. Ó ní, "Mo mọ ilẹ̀kùn. Èmi ni mo fa ìlà sídìí rẹ̀. Mi ò kàn fẹ́ dìde ni."

Dírẹ́bà wolẹ̀. Ìyá Aránṣọ nu ojú, ó sì mú pẹ́ńsù rẹ̀. "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká kọ ọjọ́," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́.

Wọ́n kọ ọ́. Tíṣà fẹ́ kọ tirẹ̀ sínú ti ìyá rẹ̀, àmọ́ kò sí àyè mọ́. Ó wá jókòó, ó tẹ́tí sí ẹ̀yìn àga rẹ̀. Gbogbo kíláàsì ń wò ó.

"Kí lẹ ń dúró dè?" Ìyá Aránṣọ béèrè.

Ó dúró títí. Ìgbà tó yá, ó na ọwọ́ mú àkọ̀ awò náà, ó ṣí i, ó sì pa á dé fúnra rẹ̀. Irin lásán ló dún. Ọdún mọ́kànlá ló fi bẹ Ọlọ́run pé kó bá òun mú ìró yẹn lọ, Ọlọ́run sì ti mú un lọ. Ni Tíṣà bá gbé orí lé ìwé tó ṣí sílẹ̀, ó ké, "Màmá," bí ọmọdé, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.