Ẹni Tí Ìyá Mi Gbè Lẹ́yìn Nínú Fíìmù

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sí ẹni tó kú lọ́jọ́ tí ìjọba wó ilé wa létí òkun. Ìyá mi náà ń dúpẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti lọ háyà yàrá ní Ekpè, kò fẹ́ bá èèyàn jókòó mọ́. Kò bá ẹgbẹ́ akọrin kọrin mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń dá orin fún wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ ẹ́ kó bá mi lọ wo fíìmù tí ìjọ wa ní Cadjèhoun fi hàn lẹ́yìn Mísà. Ìjọ yìí ló rán mi nílé ìwé. Mo gbà pé ara rẹ̀ máa balẹ̀ níbẹ̀.

Ọkùnrin kan ń fò lófuurufú nínú fíìmù náà, ó ń dáàbò bo ìlú. Ọ̀tá rẹ̀ ni ọkùnrin tí ìjọba wó àdúgbò rẹ̀ láti kọ́ ilé gogoro síbẹ̀, tí òun náà wá ń wó ilé gogoro náà. Olórí ìlú ń sọ pé fún ire gbogbo ará ìlú ni, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ fún wa kí wọ́n tó wó ilé wa. Ẹni tó ṣe ọ̀tá yìí mọ eré ṣe ju ẹni tó ń fò lọ. Nígbà tó dé ibi tí ilé rẹ̀ wà rí, kò sunkún. Ó kàn ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí ẹnu ọ̀nà wà nínú iyanrìn. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí wọ́n pa ọkùnrin náà, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Bí fíìmù bá ti parí, olùkọ́ katikísímù a máa bi wá pé, nínú ta ni a ti rí Jésù? Lọ́jọ́ yìí, gbogbo èèyàn ní ẹni tó ń fò ni. Ìyá mi sọ̀rọ̀ ní Nàgó, èdè ilé wa, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé: "Ẹni tí wọ́n pa yẹn ni."

"Há, Màmá! Ọ̀tá nìyẹn o! Ẹ ò mú awò ojú yín wá ni?"

Ọkùnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

"Àwọn tó pa Jésù, kí ni wọ́n pè é?" Ìyá mi ló béèrè, mo sì tún túmọ̀ rẹ̀.

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá wa, ẹ má kó òṣèlú wọ inú ìjọ. Fíìmù lásán ni."

"Ṣé inú fíìmù lásán lẹ ti ń wá Jésù?"

Olùkọ́ náà ní ká dìde ká gbàdúrà.

Lẹ́nu ọ̀nà, olórí ẹgbẹ́ akọrin di ìyá mi lápá mú. "Ẹ má bínú. Ẹ wá bá wa kọrin lọ́jọ́ Sátidé."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí Jésù wọn tán ná."

Kò padà síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Ekpè ló ń lọ báyìí, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí. Èmi ṣì ń lọ sí Cadjèhoun. Àwọn akọrin máa ń bi mí pé, Màmá ńkọ́? Mo máa ń ní ara rẹ̀ le. Kò tíì sí ẹni tó bi mí ìgbà tó máa padà wá.