Ìtàkùn Orí Yanrìn

Nígbà tí owó epo rọ̀bì gbòde, gbogbo Ìsọlọ̀ ló ń kọ́lé. Onílé wa náà ní kí típà kó yanrìn etí òkun wá sí ẹ̀yìnkùlé. Kò kọ́lé ọ̀hún, ìtàkùn ló hù lórí yanrìn náà. Òdòdó rẹ̀ elésè àlùkò máa ń là láàárọ̀, á sì padé lọ́sàn-án. Èmi tí wọ́n bí sínú oko ọ̀dùnkún nítòsí Ọ̀yọ́, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, mo ní ẹbí ọ̀dùnkún ni. Oúnjẹ ẹran dé nìyẹn.

Ọkọ mi ti ra àgbò Iléyá. Bàbá rẹ̀ ń bọ̀ wá bá wa ṣọdún, kò tẹ Èkó rí, ó sì ń wu ọkọ mi kí bàbá rí i pé òun náà ti dènìyàn. Èmi ni mò ń bọ́ àgbò náà.

Àǹtí tó wà ní yàrá kejì, ará Ìlàjẹ, bá mi níbi tí mo ti ń já ewé.

"Ìyàwó, má fún àgbò ní gbọ̀rọ̀ ayaba tó ò ń já yìí o. Á pa á."

Kí ni ẹni tó dàgbà sórí omi mọ̀ nípa ẹran? Inú bí mi.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí," ni mo sọ, mo sì ń já tèmi lọ.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó kú nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí bàbá dé.

Ọkọ mi béèrè ohun tí mo fún un jẹ. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Àǹtí ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó máa kú." Òótọ́ ni, àmọ́ mo mọ ibi tí irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé èèyàn dé. Kíá ni gbogbo ilé ń sọ pé ẹnu àǹtí ló pa àgbò. Onílé ní kó kó jáde. Àǹtí wò mí, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ẹrù rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tó padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ó hú ìtàkùn náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó dì í sínú àpò. Ọkọ mi ní oògùn rẹ̀ ló ń kó. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Bàbá ti dé lánàá, ó fa ewúrẹ́ kan wá fún wa láti ilé, ẹ̀gbẹ́ yanrìn náà la sì so ó mọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè kí àǹtí pé ó dàbọ̀.