Ọjọ́ tí wọ́n wá ka àwọn ará ilé mi

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí ìjọba rántí pé ènìyàn ń gbé ní abà wa lẹ́yìn Igbódìgò. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n rán wá, pẹ̀lú fóònù ńlá tó mọ gbogbo nǹkan àfi ọ̀nà abà wa. Ó ní òun rí pèpéle níwájú ilé mi, ó sì jókòó sórí rẹ̀.

“Màmá, ẹni mélòó ló ń gbé ilé yìí?”

Mo ní àwa mẹ́ta ni: èmi, Akíndélé ọkọ mi, àti Fúnmiláyọ̀ ọmọ wa. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, inú rẹ̀ dùn, torí ewúrẹ́ nìkan ló bá nílé tó kọ́kọ́ yà.

“Àwọn méjì tó kù ńkọ́? Wọ́n lọ oko ni?”

“Oko kẹ̀? Wọ́n wà nílé. Akíndélé lo jókòó lé lórí yẹn, Fúnmiláyọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

Ọmọ ìjọba fò sókè, ó ké “Jésù!”, fóònù bọ́ sórí ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe púpurú. Kí ni mo ṣe? Iwájú ilé náà la máa ń sin èèyàn wa sí. Òun ló pe sàréè ní pèpéle.

“Ẹ má bínú, Màmá. Alààyè nìkan là ń kà.”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi Akíndélé sílẹ̀, ṣebí kò tíì pẹ́ tó kú. Ó mirí, ó sì pa àwọn méjèèjì rẹ́.

Ìjọba mà ṣeun o. Gbogbo ará abà ló ń tù mí nínú pé n kò dá wà. Ìjọba nìkan ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ òótọ́ sára ilẹ̀kùn mi: ẹnì kan.