Òórùn tí Mo Gbọ́

Òórùn dísẹ́ẹ̀lì kì í tètè kúrò lára fóòmù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ṣọ́ọ̀bù fóòmù ni mo ti ṣe akọ̀wé ní New Benin, níbi tí a to fóòmù kan àjà. Ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdé kan, bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo gbọ́ òórùn dísẹ́ẹ̀lì nídìí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá. Mo rò ó pé kí n bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ti ṣú, mo lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣọ́ọ̀bù ti jó, ọlọ́dẹ wa, ọmọ Ìkàrẹ́ tó máa ń pè mí ní Ìyá Ìwé, sì kú sínú rẹ̀.

Àwọn tó ta jẹnẹrétọ̀ ní sìgá ọlọ́dẹ ló dá iná sílẹ̀. Ọkùnrin tí kì í mu sìgá! Ìwé àdéhùn àwọn àti ọ̀gá mi sọ pé bí ìjà bá dé, wọn kò ní lọ sí kóòtù. Àgbà lọ́yà kan tí wọ́n jọ yàn ni yóò dá ẹjọ́ náà. Èmi ni ọ̀gá mi fẹ́ pè ṣe ẹlẹ́rìí pé dísẹ́ẹ̀lì ti ń jò lára jẹnẹrétọ̀ wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni lọ́yà ọ̀gá mi, ọmọ Ẹ̀dó, fi kọ́ mi ní ohun tí mo ti mọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ bó ṣe wà lẹ́nu mi: "I heard the smell."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "You hear am? Who tell you?"

"Nobody, sah. Na me."

"Madam, na ear you take dey smell? Their lawyer go finish you!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà mọ̀ pé ní èdè wa, ohùn nìkan kọ́ là ń gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún un? Ó ní kí n máa sọ "I perceived". Mo sọ ọ́ nínú kẹ̀kẹ́, mo sọ ọ́ nídìí ìkòkò, títí ó fi dà bí ẹ̀rí ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, n kò mọ̀ mọ́ bóyá èmi ni mo gbọ́ òórùn náà, tàbí ẹnìkan ló sọ fún mi.

Ó tún kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé. Ìyàwó ọlọ́dẹ wá bá mi nílé, ní Aduwawa tí àwa méjèèjì ń gbé. Etí àga ló jókòó sí.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà gbà pé bàbá àwọn ọmọ mi ló sun ilé yẹn?"

"Ẹ mú sùúrù. Màá sọ̀rọ̀ níwájú wọn lọ́jọ́ náà."

"Wọn ò ní jẹ́ kí èmi wọlé níbẹ̀, Àǹtí."

Mo bu omi fún un. Kò mu ún.

Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì àgbà lọ́yà náà láti aago mẹ́sàn-án. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá mi àti àwọn tó ta jẹnẹrétọ̀ jáde pọ̀, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. "Madam, go house," ni lọ́yà wí. "We don settle." Mo béèrè ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ. Ó ní sìgá ni wọ́n jọ fọwọ́ sí. Ó ní ẹni tó ti kú kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Yàrá ìyàwó ọlọ́dẹ ni mo lọ tààrà. Onílé sọ fún mi pé obìnrin náà ti kó ẹrù àti ọmọ lọ sí Ìkàrẹ́ láti ìjẹta. N kò mọ ilé wọn níbẹ̀. N kò rí i mọ́ títí di òní.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń kọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn tí kò ní béèrè, ẹni tó béèrè jókòó níwájú mi, Yorùbá ló ń sọ, gbólóhùn kan péré ló sì fẹ́.