Hítà Yàrá Ìyá Wàhídì

Wàhídì kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu ayálégbé gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é pé hítà tó ń mú yàrá òun móoru kò ṣiṣẹ́, kò ní bi í ní ìbéèrè méjì. Á gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, á gun àtẹ̀gùn lọ, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fọwọ́ kan páìpù tó ń gbé omi gbígbóná wọlé, lẹ́yìn náà á fọwọ́ kan hítà fúnra rẹ̀. Bí páìpù bá gbóná tí hítà sì tutù, ó ti mọ̀ pé fáàfù tó ń ṣí omi sínú hítà ló dí.

Ilé àtijọ́ alájà mẹ́rin kan ní Dallas ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ń gbé, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ilé tí wọ́n ṣì ń fi omi gbígbóná inú páìpù mú yàrá móoru. Fáàfù kọ̀ọ̀kan ní orí kékeré kan tó ń mọ bí yàrá ṣe móoru tó. Bí ó bá ti móoru tán, orí yìí á tẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé, irin náà á sì dí ọ̀nà omi. Nígbà mìíràn irin náà á lẹ̀ síbẹ̀, kò ní padà sókè mọ́. Wàhídì á yọ orí fáàfù, á kán òróró sí i, á máa fi ìdí òòlù tẹ irin náà jẹ́jẹ́ títí á fi sọ sókè. Ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú.

Nígbà tó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ìsẹ́yìn, Sìmíátù àbúrò rẹ̀ fárígá, ó ní òtútù á pa ìyá àwọn. Wàhídì bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù. "Èmi tí mò ń tún hítà gbogbo ilé ṣe? Ìyá tèmi ni òtútù á wá pa?" Ó fọ́nnu lọ́jọ́ náà bí ẹni pé òun ló ń pàṣẹ fún òtútù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ kó lọ sí Lewisville ni ilé ti dákẹ́ jù fún un. Ó fẹ́ kí ìyá òun wá, kó má sì padà mọ́.

Ìyá náà dé ní oṣù kẹwàá. Nígbà tó di oṣù kìíní, òtútù burúkú dé, omi dì lójú títì, fóònù Wàhídì kò sinmi. Fáàfù mọ́kànlélógún ló tú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Michelle, obìnrin àgbàlagbà tó ń gbé ní àjà kẹta, pè é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó ń pariwo pé òun ti fẹ́ dì bíi yìnyín. Kọ́tìnnì ló bo fáàfù rẹ̀. Ooru há sábẹ́ kọ́tìnnì, fáàfù rò pé gbogbo yàrá ló ti móoru, ó sì tì. Wàhídì lọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láràárọ̀, kó tó jáde, á yọjú sí yàrá ìyá rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ṣé òtútù ò mú yín?"

"A dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ọmọ mi. Máa lọ, má jẹ́ kí wọ́n dúró dè ọ́."

Á sì máa lọ. Ó rí súwẹ́tà méjì lọ́rùn ìyá náà, ó rò pé bí àgbàlagbà ṣe ń múra nìyẹn. Ta ni ìyá rẹ̀ á sọ fún pé "a dúpẹ́" tí á tún lọ máa fọwọ́ kan páìpù?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó sáré wọlé wá mú sípánà tó gbàgbé, ló bá gbọ́ ikọ́. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora dé etí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Yàrá náà tutù bí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Wàhídì wo hítà. Aṣọ ìkírun ìyá náà àti ìborùn rẹ̀ tó nípọn ló ká lé orí fáàfù, kí wọ́n lè máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ de ìgbà tó bá fẹ́ kírun. Wàhídì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Páìpù gbóná. Hítà tutù.

"Láti ìgbà wo, Màámi?"

"Á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Ó máa ń rẹ̀ ọ́ tí o bá dé. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè ọ́ tọ̀sán-tòru. Mo ní kí èmi náà má di ọ̀kan lára wọn."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi tún un ṣe. Ó kó aṣọ kúrò, ó yọ orí fáàfù, ó fi òróró sí irin, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi sọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú hítà. Ìtìjú mú un débi pé kò lè gbójú sókè. Ó ń sunkún bó ṣe ń dè é padà.

Òtútù ti wọ àyà ìyá náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní ọsibítù. Nígbà tó padà wálé, ó jókòó ti hítà, ó sì ní, "Wàhídì, mú mi padà sílé."

"Màámi, ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí."

"Mo mọ̀. Ó gbóná dáadáa. Mú mi padà sílé."

Sìmíátù tó lọ pàdé ìyá ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà tó padà sílé kò sọ gbólóhùn kan tó burú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìbá dùn mọ́ Wàhídì ká ní ó bú òun.

Báyìí, yàrá náà móoru, kò sì sí ẹni tó ń sùn níbẹ̀. Láràárọ̀, kí Wàhídì tó gbé àpò irinṣẹ́, á pe Ìsẹ́yìn. Ikọ́ ṣì máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

"Màámi, báwo ni àyà yín lónìí?"

"A dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ọmọ mi. Máa lọ síbi iṣẹ́."

Á di fóònù mú, kò ní pa á. Kò sí páìpù kan tó lè fọwọ́ kàn kó lè mọ òtítọ́.