Tú, Tàbí Tún

Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ilé mi, lápá òsì ilẹ̀kùn. Mo rí i nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ ní Uso. Mo dúró, mo kà á. N kò kàwé ní kékeré. Mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹun kí n tó jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà, nítorí náà, títí di òní, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń mú kí n tó so wọ́n pọ̀. T. U. Ibẹ̀ ni ògiri ti lanu. Lódìkejì ibi tó lanu: N, 7.

Tú. Nọ́ńbà méje.

Bíríkìlà ni mí. Nínú iṣẹ́ wa, wó yàtọ̀ sí tú. Ilé tí a kò fẹ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, wíwó là ń wó o. Èyí tí a bá fẹ́ kó pákó àti páànù rẹ̀ lọ, títú là ń tú u. Mo ní ẹni tó kọ èyí mọ iṣẹ́, ó sì ti fojú sí páànù mi.

Aládùúgbò mi, obìnrin Àkókó kan tó ń ránṣọ nínú ilé búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ tèmi, ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

“Baba, ẹ kú orí ire o. Wọn ò kọ nǹkan kan sí tèmi.”

“Ta ló kọ ọ́?”

“Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ kiri ni. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń kọ, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀.” Ó fi eyín já òwú. “Ìgbà tí ìjọba bá ti ní kí n fọkàn balẹ̀ ni mo máa ń di ẹrù mi.”

Kì í ṣe pé a kò mọ̀ wọ́n. Oṣù díẹ̀ ṣáájú, wọ́n pe àwa tí ilé wa wà láàárín ìlú sí gbọ̀ngàn. Ọmọbìnrin kan tó ń yàwòrán ìlú ló bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní àárín Ọ̀wọ̀ ń ṣófo, gbogbo ènìyàn ń kọ́lé lọ sétí ìlú, inú ilé àtijọ́ ti di ti àdán. Òótọ́ ni. Ní òpópónà wa nìkan, mo lè ka ilé márùn-ún tí àgádágodo ti dípẹtà sí lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó ní wọn yóò tún àwọn ilé náà ṣe, kí àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì lè máa bá wa gbé, wọn yóò la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ síwájú ilé, wọn yóò gbin igi.

“A fẹ́ sọ àárín ìlú jí ni,” ó ní.

Bàbá arúgbó kan dìde. “Ọmọ mi, òkú là ń sọ jí. Ta ló sọ fún yín pé a ti kú?”

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà létí títì nígbà tí wọ́n fẹ́ mú títì náà fẹ̀ sí i. Ọ̀dà pupa ló kọ́kọ́ dé. Katapílà ló tẹ̀ lé e.

Ìyàwó mi wà níwájú ilé yìí. Láàárín ilẹ̀kùn àti gọ́tà la sin ín sí. Èmi fúnra mi ni mo fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ. N kò gbé àgbélébùú lé e, nítorí kò fẹ́ràn àṣehàn. Ẹni tí kò bá mọ̀, kò lè mọ̀. Bí wọ́n bá tú ilé, ta ni yóò béèrè òkú tó wà níwájú rẹ̀?

Ibi tí ògiri ti lanu yẹn, ìyàwó mi máa ń bá mi jà lé e lórí. “Bíríkìlà,” á ní, “gbogbo Ọ̀wọ̀ lò ń rẹ́ ilé fún, ògiri tìẹ ń lanu.” Èmi á ní Sátidé tó ń bọ̀. Ó kú kí Sátidé náà tó dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lọ síbi iṣẹ́. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ọ̀dà náà, kò lọ tán. Mo bá po sìmẹ́ńtì. Mo dí ibi tó lanu, mo sì rẹ́ gbogbo apá òsì ògiri náà títí tí kò fi sí pupa kankan mọ́.

“Ẹ̀yin náà wá ń tún ilé ṣe?” aládùúgbò mi ní.

“Ihò ni mò ń dí.”

Nígbà tó ṣe díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ dé. Wọ́n kọjá ilé mi bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ katapílà. Òòlù ni mò ń gbọ́, àti ayùn. Mo tẹ̀ lé ìró náà dé ìsàlẹ̀ òpópónà, ibi tí n kì í sábà gbà. Ilé amọ̀ bíi tèmi ni. Wọ́n ti yọ páànù àtijọ́, wọ́n ń kan tuntun. Lára ògiri rẹ̀ tí kò lanu, ọ̀dà pupa: TUN 9. Lẹ́tà mẹ́ta, wọ́n fara kanra.

Tún.

Mo pẹ́ níbẹ̀. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹni tó ní òun fẹ́ túnlé ṣe kò tíì sọ gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe níwájú ilé.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọbìnrin tó ń yàwòrán wá, ìwé ńlá kan lábẹ́ apá rẹ̀, agolo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo ìwé.

“Ẹ kúulé, sà. A ò rí àmì ilé keje mọ́.”

“Ó ti lọ.”

“Níbo ló lọ, sà?”

Aládùúgbò mi ti yọrí jáde. “Sìmẹ́ńtì ti gbé e mì!”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dà pupa?” mo bi í.

“Òun nìkan ló kù lọ́wọ́ wa, sà.”

Mo ní kó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀. Àwòrán ilé ni, mo sì mọ àwòrán ilé kà ju lẹ́tà lọ. Mo rí ilé mi. Mo rí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ó lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi ìka sí ojú kan.

“Kí ló wà níbí?”

Ó wo ilẹ̀ iwájú wa. “Ṣebí ibi tí ẹ ti ń sá ata ni, sà. Wọ́n á fọ́ ọ, a ó gbin igi síbẹ̀.”

“Ìyàwó mi ló wà níbẹ̀.”

Ó sún sẹ́yìn kíá, ó kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa.”

“Ẹnikẹ́ni ò bi wá.”

Ó mú pẹ́ńsù, ó tẹ ojú ọ̀nà náà, ó mú un yí ibẹ̀ ká. Mo ní bírò ni kó fi fà á. Ó fi bírò fà á. Ó ní ṣé kí òun kọ àmì náà padà. Mo gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ fúnra mi sórí ibi tí mo rẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: TÚN ILÉ YÌÍ ṢE.

Ní báyìí, wọ́n ti pààrọ̀ páànù mi. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà ń bọ̀ láti òkè, òkúta rẹ̀ ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò mi. Ó ṣì ń bọ̀ tààrà. Mo fi tépù wọn ibi tó yẹ kó ti yà: ó ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá.

“Baba, ẹ ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí?”

“Ibí niṣẹ́ wà.”

Mo gbé àga síwájú ilé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi, mò ń wo àwọn òṣìṣẹ́.