Ọmọ Oṣù Méje Tó Kọ́ Tísà Ayọ̀délé

Ẹ dúró ná, ẹ gbọ́! Ẹ kò gbọdọ̀ má gbọ́ ọ̀rọ̀ Tísà Festus Ayọ̀délé ti Ìpáò yìí.

Ọdún 1957 ni, nígbà ọyẹ́. Christiana, ìyàwó rẹ̀, bímọ, ṣùgbọ́n oṣù méje péré ni oyún náà. Ọmọbìnrin náà kò tóbi ju ẹyẹlé lọ. Òwú ni wọ́n fi dì í látorí dé ẹsẹ̀. Kò lágbára àtimu ọmú. Ìyá Mùtíátù, agbẹ̀bí tí wọ́n jọ ń gbélé, ló ní kí wọ́n máa fún omi ọmú sínú ife, kí wọ́n ti òwú bọ̀ ọ́, kí wọ́n máa kán an sí i lẹ́nu.

"Ọ̀fun rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí kò bá tíì gbé e mì, ẹ má kán òmíràn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, oorun gbé Christiana lọ. Tísà ló jókòó ti ọmọ. Agogo ilé-ìwé dún. Ife ò tíì dé ìdajì! Bẹ́ẹ̀ Tísà yìí kò pẹ́ lẹ́yìn agogo rí. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ife. Ó ṣáà mọ bí àwọn ìyá ṣe ń rọ ọmọ. Ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, ó da omi ọmú sí i.

Ọmọ kò ké.

Ètè rẹ̀ dúdú bí aṣọ aró. Àyà rẹ̀ kò mira mọ́.

"Màmá o! Ẹ gbà mí o!"

Ìyá Mùtíátù já wọlé tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Ó gba ọmọ, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi ẹnu fa imú rẹ̀, ó tu ú dànù. Kò sí nǹkan kan. Ó tún fà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ sín, ó sì ké wínní-wínní bí òròmọdìyẹ.

"Ta ló ní kí o rọ ọ́?"

"Agogo ti dún, Màmá. Mo ń sáré lọ síbi iṣẹ́..."

"Kí uṣẹ́ dúró! Ọ̀fun ọmọ mọ agogo ni? Àṣé bí o ṣe ń rọ àwọn ọmọ wa náà nìyẹn. Mùtíátù mi ní ìbéèrè kì í tíì tán lẹ́nu rẹ tí pàṣán fi ń dé!"

Tísà mú òwú, ó ń kán omi ọmú títí ife fi gbẹ.

Nígbà tó dé ilé-ìwé, ọ̀gá wọn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Tísà, ṣé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ yín ni?" Tísà wọ kíláàsì, ó pe Mùtíátù dìde.

"Méje àti mẹ́fà, eélòó ni?"

Ọmọ náà ti káwọ́ borí, ó ń retí pàṣán. Pàṣán kò dé. Ọ̀gá wúkọ́ lójú fèrèsé. Tísà kò yíjú; ọ̀fun ọmọbìnrin náà ló ń wò. Mùtíátù gbé itọ́ mì.

"Mẹ́tàlá, sà."

Nígbà ìsinmi, Tísà sáré délé. Kò gbúròó ọmọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Wọlé jàre," Christiana sọ láti inú yàrá. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmú sẹ́nu ni. Má pariwo, kó má bàa tu ú."

Wùnmí ni wọ́n sọ ọ́. Ó ti wà ní kíláàsì kejì báyìí, ó sì ń sáré ju ọkùnrin lọ. Bí ẹ bá rò pé mo bù mọ́ ọn, ọ̀nà Ìpáò kò dí. Ẹ lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì Tísà Ayọ̀délé láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ fojú ara yín rí bó ṣe ń dúró de ìdáhùn ọmọ.